Bí A Ṣe Ń Fi Ooru Sọ Metformin Di Wóró Láìdáwọ́dúró, Kí Hóró Oògùn Tó Kó Oògùn Méjì Sínú Má Baà Ṣí Lórí

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti tẹ metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, 1000 mg sínú hóró oògùn kan ṣoṣo mọ ìyọnu tó wà níbẹ̀. Kírísítálì rẹ̀ kì í fẹ́ mú ara wọn. Ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ tán, hóró á bọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ á sì ṣí bí ìdérí ìkòkò. Àwọn kan á wá da ohun ìlẹ̀mọ́ púpọ̀ sí i, hóró á tóbi débi pé aláìsàn kò ní lè gbé e mì. Àwọn mìíràn á fi omi pò ó. Ìyẹn lè ṣe metformin lóore, àmọ́ vildagliptin, oògùn àtọ̀gbẹ kejì tó fẹ́ bá a gbé inú hóró kan náà kò bá ọ̀rinrin rẹ́: mólékù rẹ̀ á ká ara rẹ̀ di òrùka, agbára oògùn náà á sì máa dín kù lórí àtẹ.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ là kalẹ̀ kò lo omi rárá. Ooru ló ń mú ohun ìlẹ̀mọ́ rọ̀ nínú extruder oní-sikúrù méjì, ìyẹ̀fun á wọlé lápá kan, wóró (ìyẹ̀fun tó ti lẹ̀ mọ́ra di ẹyọ kéékèèké) á sì máa jáde lápá kejì láìdúró. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí tàbí ilé iṣẹ́ oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni mo kọ ọ́ fún. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn òǹkà tí ẹ máa rí níhìn-ín. Ẹ̀rọ tiyín àti ìyẹ̀fun tiyín ni yóò sọ ibi tí ẹ máa dúró sí. Ohun kan ṣáá kò yí padà níbi gbogbo: ohun ìlẹ̀mọ́ nìkan ni ooru gbọ́dọ̀ rọ̀. Bí kírísítálì metformin ṣe wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde, vildagliptin kò sì gbọ́dọ̀ débi tí ooru wà rárá.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀

Fún hóró kọ̀ọ̀kan:

- metformin hydrochloride, 1000 mg
- hydroxypropyl cellulose (HPC), ohun ìlẹ̀mọ́ wa, èyí tí kì í ki, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná, 99 mg
- vildagliptin, 50 mg
- magnesium stearate, 11.6 mg

Àpapọ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 1160 mg. Nínú rẹ̀, oògùn méjèèjì gba ohun tó lé ní 90%. Ìdí tí ọ̀nà yìí fi wúlò nìyẹn: kò sí àfikún tó ń fẹ hóró lásán.

Ní ti ẹ̀rọ: extruder oní-sikúrù méjì tí àwọn sikúrù rẹ̀ ń yí sí apá kan náà, tí gígùn wọn tó ìlọ́po 40 ìbú wọn, feeder (ẹ̀rọ tó ń bu ìyẹ̀fun sínú extruder) méjì tó ń fi ìwọ̀n ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tó kàn ń yí lásán, ẹ̀rọ ìlọ̀ onífúnẹ́ẹ̀lì tó ní asẹ́ 1 mm, ẹ̀rọ ìpò, ẹ̀rọ ìtẹhóró. Ní ti àyẹ̀wò: HPLC (tó ń wọn iye oògùn), DSC (tó ń fi ibi tí nǹkan ti ń yọ́ hàn), X-ray onílẹ́búlẹ́bú (tó ń fi bí kírísítálì ṣe rí hàn), òṣùwọ̀n tó péye, asẹ́ ìpele-ìpele, ẹ̀rọ ìwọ̀n líle àti ẹ̀rọ ìyíhóró.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń yan HPC. Oríṣi tó ń ki gan-an máa ń di jẹ́lì nínú omi, á sì sọ hóró tó yẹ kó yòrò kíákíá di èyí tó ń tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún bi olùtajà léèrè nípa nitrite tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ kan pé kí wọ́n kó irú metformin tó ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́jà nítorí NDMA (ohun tó ṣeé ṣe kó fa àrùn jẹjẹrẹ) tó kọjá 96 ng tí wọ́n fàyè gbà fún ọjọ́ kan. Dimethylamine tó bá ṣẹ́ kù sínú metformin lè pàdé nitrite, kí wọ́n sì di NDMA. Torí náà, iṣẹ́ tó bá ní ooru nínú kò gbọ́dọ̀ gbójú fo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan fẹ́ràn ohun ìlẹ̀mọ́ mìíràn, bíi PEG 6000, tó ń yọ́ láàárín 55 sí 63 °C, tàbí poloxamer 188, tó ń yọ́ láàárín 52 sí 57 °C. Wọ́n dára fún oògùn tí kò gba ooru. Fún metformin, HPC ni mo yàn: kì í yọ́ di omi, ó kàn ń rọ̀ láàárín 100 sí 150 °C, ó sì ń mú kí wóró lè tẹ̀ láìfọ́. Metformin fúnra rẹ̀ kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 220 °C. Àárín òǹkà méjèèjì yìí ni ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ múra ìyẹ̀fun sílẹ̀

Metformin máa ń dì nínú àpò. Ẹ yọ ọ́ gba inú asẹ́ 1 mm, kí ẹ sì fọ́ gbogbo ìdì tó bá ṣẹ́ kù. HPC ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ẹ má ṣe ṣí i sílẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán láti lò ó. Ẹ wọn ọ̀rinrin àwọn méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rinrin tó pọ̀ jù á di èéfín nínú àgbá (ihò irin extruder tí sikúrù ń yí nínú rẹ̀), á sì máa gba ẹnu àgbá jáde padà, á sì dí i.

*Àyẹ̀wò:* kò sí ìdì kankan lórí asẹ́, ọ̀rinrin metformin kò sì ju 0.5% lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ dán feeder wò kí ẹ tó tan extruder rárá

Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, tí wọ́n á sì lọ máa wá ẹ̀bi kiri inú sikúrù. Nínú iṣẹ́ tí kì í dúró, kò sí ẹ̀rọ ìpò ńlá kan tó máa gba gbogbo ìyẹ̀fun, tí á rò ó títí á fi bára mu. Ohun tó bá wọ ẹnu àgbá nísinsìnyí ló ń jáde láìpẹ́ lápá kejì. Sikúrù lè pa ìyàtọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ rẹ́. Bí feeder bá fi ìṣẹ́jú méjì bu HPC kéré, wóró tí kò ní ohun ìlẹ̀mọ́ tó á jáde fún ìṣẹ́jú méjì, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká fi 10 kg ní wákàtí kan ṣe ìṣirò. Metformin á jẹ́ 9.1 kg, HPC á jẹ́ 0.9 kg. Ìyẹn túmọ̀ sí pé feeder metformin gbọ́dọ̀ bu nǹkan bí 152 g ní ìṣẹ́jú kan, feeder HPC á sì bu 15 g. Ẹ gbé abọ́ sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ gba ohun tó ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30 fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nǹkan bí 75.8 g metformin àti 7.5 g HPC ló yẹ kó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Tí RSD (bí ìwọ̀n wọn ṣe yàtọ̀ síra tó, ní ìdá ọgọ́rùn-ún) ti metformin bá kọjá 2%, tàbí ti HPC bá kọjá 3%, èmi kì í tẹ̀ síwájú.

Ọ̀pọ̀ feeder kékeré kì í lè bu 15 g ní ìṣẹ́jú kan láìta gìrìgìrì. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ po HPC àti metformin pọ̀ ṣáájú nínú ẹ̀rọ ìpò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì fi feeder kan ṣoṣo bu àpòpọ̀ náà. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ nínú ẹwà iṣẹ́ tí kì í dúró, ṣùgbọ́n ẹ ó rí wóró tó bára mu.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa àtúnkún. Nígbà tí ẹ bá ń da ìyẹ̀fun tuntun sínú feeder, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò lè ka ìwọ̀n mọ́. Ìyára tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló kàn máa ń bá lọ. Bí feeder bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kí ẹ tó kún un, ìyẹ̀fun tuntun á tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀, ohun tó ń bọ́ á sì pọ̀ sí i lójijì. Ẹ máa kún un díẹ̀díẹ̀ kó tó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe àtúnkún méjì nígbà tí ẹ ṣì ń gba ìyẹ̀fun sínú abọ́. Tí abọ́ tó bọ́ sí àkókò àtúnkún bá wà láàárín 5% sí ohun tí ẹ ń retí, feeder ti ṣetán.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to sikúrù, kí ẹ sì yọ àwo ẹnu ìjáde àgbá

Oríṣi apá méjì ni sikúrù ní: apá ìgbé, tó ń tì ìyẹ̀fun síwájú, àti àwo ìpò, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó sì ń fi ohun ìlẹ̀mọ́ ra á lára. Ẹ jẹ́ kí apá ìgbé gba ìdajì àgbá láti ẹnu wá, kí ìyẹ̀fun lè gbóná kó tó dé ibi ìpò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdì àwo ìpò kan tó yà ní 30° tàbí 60°, apá ìgbé díẹ̀, ìdì àwo ìpò kejì tó kúrú ju ti àkọ́kọ́, kí apá ìgbé sì gba ìyókù títí dé òpin.

Àwo onílà-ìhò tó máa ń wà lẹ́nu ìjáde kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Wóró la fẹ́, a kò fẹ́ okùn. Ẹni tó bá fi àwo yẹn sílẹ̀ á rí i pé agbára inú àgbá ga, metformin á fẹ́rẹ̀ẹ́ dì gbagidi bí òkúta, kò sì ní ṣeé lọ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé àwo ìpò púpọ̀ ló ń mú wóró dára. Àwo tó yà ní 90° àti apá tó ń tì sẹ́yìn máa ń mú ooru tí ẹ kò tàn jáde, nítorí ìfarakanra. Ooru tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ lè jẹ́ 140 °C, kí inú ìyẹ̀fun sì ti ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ọwọ́ yí sikúrù kí ẹ tó ti àgbá pa. Kò gbọ́dọ̀ ha ara, kò sì gbọ́dọ̀ dún.

Ìgbésẹ̀ 4: Ooru àti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹnu tí ìyẹ̀fun ń gbà wọlé tutù, 20 sí 25 °C, kí omi máa yí i ká. Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù lọ níbí yìí ni pé ẹnu náà gbóná, HPC rọ̀ síbẹ̀, ó so mọ́ irin, ìyẹ̀fun sì dúró lókè bí afárá. Láti ibẹ̀, ẹ mú ooru gòkè ní ìpele: 60, 100, 130, kí apá tó ní àwo ìpò jẹ́ 140 °C, kí ìpele ìkẹyìn sì sọ̀kalẹ̀ sí 120. Ẹ ṣí ihò ìtúèéfín kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìdì àwo àkọ́kọ́.

Irin tó wà ní 140 °C á bó ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, torí náà ìbọ̀wọ́ tó ń gba ooru ṣe pàtàkì. Ẹ so gbogbo ẹ̀rọ àti abọ́ irin mọ́ ilẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun oògùn tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ lè gbiná.

Ètò ìbẹ̀rẹ̀ nìyí:

1. Ẹ jẹ́ kí àgbá gbóná, kí ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí òǹkà bá ti pé. Irin tó nípọn kì í gbóná dé inú kíákíá bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń sọ.
2. Ẹ yí sikúrù sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu 3 kg ní wákàtí kan.
3. Bí wóró bá ti ń jáde, ẹ mú méjèèjì gòkè lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀ títí sikúrù á fi dé 200, tí ìyẹ̀fun á sì dé 10 kg.
4. Ẹ da gbogbo ohun tó jáde kí torque tó dúró sójú kan nù. Kì í ṣe oògùn.

Torque ni agbára tí mọ́tò fi ń yí sikúrù. Òun ni mo máa ń wò ju gbogbo òǹkà yòókù lọ, nítorí òun ló ń sọ bí àgbá ṣe kún tó. Bí ẹ bá mú sikúrù yára láìfi ìyẹ̀fun kún un, àgbá á ṣófo díẹ̀, torque á wálẹ̀, ìpò á sì dínkù. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé ìyára máa ń mú kí wóró lágbára. Bí ìyẹ̀fun kò bá yí padà, òdìkejì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Bí torque bá ń ga sókè láìdúró, ẹ dá feeder dúró ṣáájú, kí sikúrù máa yí títí àgbá á fi ṣófo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá sikúrù dúró á fi ọ̀sán ọjọ́ náà tú irin.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ iye àkókò tí ìyẹ̀fun ń lò nínú àgbá. Ẹ ju ẹ̀kúnwọ́ kékeré àwọ̀ tí òfin gbà láàyè sẹ́nu rẹ̀, kí ẹ ka ìgbà tí àwọ̀ kọ́kọ́ yọ àti ìgbà tó tán pátápátá. Òǹkà yìí ló ń sọ iye wóró tí ẹ máa yọ dànù nígbà tí feeder bá ṣe àṣìṣe lójú iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ojú bù ú.

Kí ni ojú máa ń rí? Bí wóró bá ń jáde pẹ̀lú eruku púpọ̀, tó sì ń fọ́ láàárín ìka méjì bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, HPC kò rọ̀ tó. Ẹ fi 10 °C kún ooru, ẹ má ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń jáde ní okùn gígùn tó ń dán, tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ooru tàbí ìpò ti pọ̀ jù. Metformin funfun ni. Àwọ̀ mìíràn lára rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi asẹ́ yọ.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gba wóró ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kí metformin inú wọn wà láàárín 98 sí 102% lórí HPLC. Kí àmì ìyọ́ metformin lórí DSC wà níbi tó wà kó tó wọ àgbá, kí àwòrán X-ray má sì yí padà. Kí NDMA má ga ju ti metformin tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ẹ padà sí ooru àti àwo ìpò. Ẹ má ṣe tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó lọ̀ ọ́

Wóró tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ á ra asẹ́ ẹ̀rọ ìlọ̀, á sì dí i. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ wà títí á fi wálẹ̀ sí 30 °C, kí ẹ sì fi asẹ́ 1 mm lọ̀ ọ́ láìyára jù. Ẹ kó o sínú àpò onípele méjì, kí ẹ dì í pa.

*Àyẹ̀wò:* ohun tó bá gba asẹ́ 150 µm kọjá kò yẹ kó ju 20 sí 25% lọ. Ẹ wọn iye giramu wóró tó wà nínú mL kan nínú sílíńdà kí ẹ tó lu ú àti lẹ́yìn tí ẹ lu ú: ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ẹ̀yìn, ẹ fi ti ẹ̀yìn pín in, ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Èyí tí kò ju 15 lọ dára. Tó bá kọjá 25, wóró náà kò ní wọ́ wọ inú ẹ̀rọ ìtẹhóró dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Vildagliptin wọlé nísinsìnyí

Vildagliptin 50 mg nínú hóró tó lé ní 1160 mg jẹ́ nǹkan bí 4.3% péré. Níwọ̀n bí kò ti tó 25% ìwọ̀n hóró, òfin USP (ìwé ìlànà oògùn Amẹ́ríkà) kò gbà kí ẹ fi ìwọ̀n hóró nìkan ṣe ẹ̀rí pé oògùn náà bára mu; ẹ gbọ́dọ̀ wọn oògùn náà gan-an nínú hóró kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kí apá yìí náà máa lọ láìdúró yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Pẹ̀lú 9.1 kg metformin ní wákàtí kan, vildagliptin tí ẹ nílò jẹ́ 455 g, magnesium stearate sì jẹ́ nǹkan bí 106 g. Feeder tó lè bu 106 g láàárín wákàtí kan láìṣìṣe kì í wọ́pọ̀. Fún ìdí yìí, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ṣe ìgbésẹ̀ yìí nínú ẹ̀rọ ìpò lásán ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ po vildagliptin pẹ̀lú wóró tó tó ìwọ̀n rẹ̀, ẹ yọ wọ́n gba inú asẹ́, kí ẹ tún fi wóró tó tó ìyẹn kún un, títí gbogbo rẹ̀ á fi wọlé. Vildagliptin kúnná, wóró sì tóbi. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kúnná á máa rọ̀ sísàlẹ̀ nígbàkígbà tí àpò bá mì. Magnesium stearate ló ń wọlé kẹ́yìn, fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá fi í sínú rẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á bo gbogbo wóró, líle hóró á sì wálẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ bu láti ibi mẹ́wàá nínú ẹ̀rọ ìpò, kí èyí tí ẹ bu kọ̀ọ̀kan má ju ìwọ̀n hóró mẹ́ta lọ. RSD vildagliptin kò gbọ́dọ̀ ju 5% lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Títẹ̀

Ẹ lo mọ́ọ̀dù gígùn tí igun rẹ̀ rọ, tí kò gùn ju 22 mm lọ. FDA ti dámọ̀ràn òǹkà yìí fún àwọn tó ń ṣe oògùn ẹ̀dà (generic) láti ọdún 2015. Ẹ fi 5, 10, 15, 20 àti 25 kN tẹ hóró díẹ̀díẹ̀, kí ẹ ya líle wọn sórí ìwé. Ibi tí ìlà náà ti ń tẹ́, tí agbára tuntun kò fi líle kún un mọ́, ẹ dúró díẹ̀ sẹ́yìn ibẹ̀. Ẹni tó bá ń lo agbára sí i kí orí hóró má baà ṣí ń dá kún ìṣòro náà ni, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń tì í ṣí. Ẹ lo ìtẹ̀ àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì dín ìyára ẹ̀rọ kù.

Láti fi agbára hóró wé ti àwọn mìíràn, ẹ tẹ wóró kan náà ní mọ́ọ̀dù róbótó tó tẹ́jú: ẹ fi agbára tó fọ́ ọ ṣe ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi π, ìbú àti nínípọn rẹ̀ pín in. Hóró tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 10 mm, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 4 mm, tó fọ́ ní 120 N, ní agbára 1.9 MPa. Mo máa ń fẹ́ kó ju 1.7 lọ.

*Àyẹ̀wò:* nítorí hóró ju 650 mg lọ, ẹ mú mẹ́wàá, kí ẹ yí wọn nígbà 100 ní ìyára 25 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó rún kúrò lára wọn kò gbọ́dọ̀ ju 1% lọ, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹyọ kan tó là.

Ìgbésẹ̀ 8: Àyẹ̀wò ìkẹyìn kí hóró tó jáde lọ

Ẹ wọn vildagliptin àti metformin nínú hóró mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí AV (òǹkà USP tó ń sọ bí oògùn inú hóró kọ̀ọ̀kan ṣe bára mu tó) má ju 15.0 lọ. Ẹ wo yíyòrò àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí metformin bá ń pẹ́ kó tó jáde, ẹ dín agbára títẹ̀ kù ṣáájú. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2, kí ẹ dín HPC kù láti 9% ìwọ̀n wóró sí 7%, kí ẹ sì tún líle rẹ̀ wò.

Ẹ kọ ohun tí ìdì oògùn kan (batch, ìyẹn gbogbo èyí tí ẹ kà sí iṣẹ́ kan náà) túmọ̀ sí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. ICH Q13, ìlànà àgbáyé lórí ṣíṣe oògùn láìdáwọ́dúró tí wọ́n parí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, gbà kí ẹ fi iye wóró tó jáde tàbí iye wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹ pinnu rẹ̀ lẹ́yìn tí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó hóró sínú páálí tí wọ́n máa tà á nínú rẹ̀, kí ẹ fi wọ́n sí yàrá 40 °C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 75% fún oṣù mẹ́fà. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò ní ìbẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta àti ní oṣù kẹfà. Ẹ wo òrùka vildagliptin ṣáájú ohun gbogbo. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, ẹ yẹ ọ̀rinrin inú HPC wò, kí ẹ sì wo bóyá páálí náà ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.